Gémù RPG Japan Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Tọ́ Ọ Wò Kówó Yín Tó Jáde

Ẹ̀yin tèmi, gémù RPG Japan míì, ìyẹn gémù oníìtàn gígùn tẹ́ ẹ ti máa ń di ẹnì kan nínú ìtàn náà, tún ti jáde lédè Òyìnbó o, ariwo ti gba gbogbo ibi, àwọn kan ń sọ pé òun ni gémù ọdún yìí, àwọn kan ní ó ń falẹ̀ jù, pé oorun gbé àwọn lọ nídìí ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi àwọn méjèèjì léèrè ibi tí wọ́n bá a dé, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ò tíì jáde lábúlé tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n kọ eléyìí. Owó gémù tuntun kì í ṣe owó kékeré mọ́, dọ́là ni wọ́n fi ń ka iye ẹ̀, àwa Ìjẹ̀bú sì mọ owó ná lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè bá wa jiyàn ìyẹn, àmọ́ a kì í ra ọjà tá ò tíì yẹ̀ wò.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ ni pé ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló máa sọ fún yín bóyá gémù Japan tuntun dáa tàbí kò dáa. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn máa ń falẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọmọ kan á jí láàárọ̀, wọ́n á ní kó lọ jíṣẹ́ fún ẹnì kan, á pàdé ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa ja ìjà, wákàtí méjì ti lọ. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ewùrà rírin sínú ẹ̀ lórí iná, ta ló máa wo inú ìkòkò nígbà yẹn tó máa ní òun ti mọ bó ṣe máa dùn tó? Ibi tẹ́ ẹ máa wò ni ẹnu àwọn èèyàn tí ò nípa kankan nínú ìtàn náà, ìyá tó ń ta nǹkan lọ́jà, bàbá tó jókòó síwájú ilé ẹ̀, ọmọdé tó ń sáré kiri, torí bẹ́ni tó túmọ̀ gémù yẹn bá lè fara balẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyẹn dáadáa, á jẹ́ pé ó fara balẹ̀ síbi gbogbo.

Kọ́rọ̀ má bàa máa léfòó, gémù kan ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù, Trails in the Sky 1st Chapter. Falcom ló ṣe é, ilé iṣẹ́ Japan kan tó ti wà láti 1981. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde sórí kọ̀ǹpútà ní Japan, ọdún 2011 lẹni tó ń gbọ́ Òyìnbó tó rí i gbá lórí PSP, ẹ̀rọ gémù alágbèéká ti Sony, apá kejì ẹ̀ ò sì dé lédè Òyìnbó títí di 2015, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pọ̀ débi pé iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fẹ́ẹ̀ mu àwọn tó ń ṣe é lómi. Ẹ wá wo ẹni tó parí apá kìíní ní 2011, tí ìtàn já síbi tó ń dunni jù, tó wá jókòó de apá kejì fún ọdún mẹ́rin ó lé! Falcom ti tún apá kìíní yìí kọ́ látòkè délẹ̀ báyìí, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọjọ́ kan náà tó dé Japan ló dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ìlànà tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tòun nìkan o, gémù Japan yòówù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ lè lò ó fún un.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó, ẹ wá dẹ́mò ná, ìyẹn apá díẹ̀ nínú gémù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà, wọ́n á lọ wo fídíò ẹlòmíì tó ń gbá a, wọ́n á wá fi ojú yẹn ra ọjà. Trails tí mo sọ yìí ní dẹ́mò ọ̀fẹ́ tó gbé gbogbo apá ìṣáájú ìtàn (prologue) fún yín, sééfù tẹ́ ẹ bá ṣe níbẹ̀, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ bá a dé tẹ́ ẹ fi pa mọ́, sì máa bá yín wọ inú gémù gangan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á. Dragon Quest XI S náà ní, tòun tiẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí 10, ẹlòmíì ò ní gbá gémù tó rà tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa gbé e jù sílẹ̀. Metaphor: ReFantazio tó jáde ní 2024 náà ní dẹ́mò tí sééfù ẹ̀ ń bá èèyàn lọ. Tí gémù tẹ́ ẹ ń wò bá ní irú ẹ̀, kí lẹ tún ń fi owó kánjú ṣe?

Tí kò bá ní, tó sì jẹ́ orí Steam, ọjà gémù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ mọ òfin tí wọ́n fi ń dá owó padà. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè láàárín ọjọ́ 14 tẹ́ ẹ rà á, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tíì gbá a tó wákàtí 2. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà fún RPG Japan, wákàtí méjì yẹn, Estelle, ọmọbìnrin tí ìtàn Trails dá lé, ò ní tíì ṣe nǹkan kan tó jọjú. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rà á láìsí dẹ́mò, ẹ má fi wákàtí yẹn wo fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gbé gémù sílẹ̀ lórí iná kẹ́ ẹ lọ jẹun, torí aago ń lọ níbẹ̀ o. Ẹ lò ó fún àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kà fún yín nísàlẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì pinnu kí aago tó lu méjì.

Ojú ìwé gémù náà lórí Steam tún ní àtẹ kékeré kan lápá ọ̀tún tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Wọ́n to àwọn èdè síbẹ̀, wọ́n wá fi àmì sí i bóyá ọ̀rọ̀ orí mẹ́nù wà lédè yẹn, bóyá ohùn wà, bóyá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ síkírìn wà. Ẹ wò ó kí ẹ rí i pé ohùn Japan àti ohùn Òyìnbó ló wà níbẹ̀, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, òun ló ń lé èèyàn sá nídìí gémù ńlá lágbègbè wa ju owó gémù fúnra ẹ̀ lọ. Òru ni kẹ́ ẹ fi dàńlóòdù ẹ̀, nígbà tí dátà òru bá ń lọ lówó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ sì pa àwọn àpúdéètì tó ń dá ṣe ara wọn, torí ẹ lè sùn kẹ́ ẹ jí kẹ́ ẹ rí i pé gémù míì tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá ló jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Tíná bá lọ láàárín, ẹ má bẹ̀rù, ibi tí Steam bá a dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tíná bá dé. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè àti ní Ìjagun, tiyín rọrùn ju tàwa tá a ń gbélé lọ: láti 2023 ni Steam ti fi nǹkan kan sí i tẹ́ ẹ lè fi kó fáìlì gémù láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú èkejì tí àwọn méjèèjì bá wà lórí wáí-fáì kan náà. Ẹnì kan á fi dátà dàńlóòdù dẹ́mò, àwọn tó kù á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Inú sẹ́tíǹsì ibi tí ọ̀rọ̀ dàńlóòdù wà lẹ ti máa ṣí i, kẹ́ ẹ sì gba àwọn ọ̀rẹ́ láyè, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àkáǹtì yín nìkan ló ń dá lóhùn.

Ó yá, gémù ti wọlé. Ẹ má tíì tẹ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú sẹ́tíǹsì lẹ ti máa kọ́kọ́ lọ, mo mọ̀ pé ara yín ti wà lọ́nà, àmọ́ ẹ ní sùúrù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi tó lórí síkírìn yín. Àwọn ará Japan máa ń ṣe gémù bíi pé tẹlifíṣọ̀n ńlá ni gbogbo ayé ní nílé, tẹ́ ẹ bá wá fi láptọ́ọ̀pù tokunbo kékeré gbá a, tẹ́ ẹ tún ti dín iná síkírìn kù kí bátìrì lè pẹ́, ọ̀rọ̀ á kéré débi pé ẹ ó máa fi imú kan síkírìn. RPG tẹ́ ẹ máa kà fún ogójì wákàtí nìyẹn o. Tí kò bá sí ibi tẹ́ ẹ ti lè mú ọ̀rọ̀ tóbi sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀sùn gidi ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kékeré ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ohùn sí ti Japan, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lédè Òyìnbó. Ìṣòro gémù, ẹ fi sí àárín. Tí wọ́n bá ní bọ́tìnnì tó ń mú kí nǹkan yára, irú èyí tó wà nínú Trails yìí, ẹ mọ ibi tó wà, àmọ́ ẹ má lò ó nílùú àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nílùú àkọ́kọ́ yìí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ti Trails ń jẹ́ Rolent, ìlú kékeré àwọn àgbẹ̀ ni. Estelle Bright àti Joshua ló ń gbé ní ìta ẹ̀, ọmọ ọdún 16 ni àwọn méjèèjì, bàbá Estelle ló gbé Joshua wálé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ di Bracer, ìyẹn àwọn tó ń bá ará ìlú yanjú ìṣòro, bẹ̀rẹ̀ látorí pípa ẹranko búburú dórí wíwá nǹkan tó sọnù. Gbàrà tẹ́ ẹ bá ti lè rìn fàlàlà, ẹ bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn. Ẹ wọlé oníṣọ́ọ̀bù, ẹ wọlé ọtí, ẹ wọ ilé ìjọsìn, ẹ lọ bá Aina tó ń gba iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn Bracer. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe ohun tí ìtàn ní kẹ́ ẹ ṣe. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà, Luke àti Pat, wọ́n máa kó ara wọn sí wàhálà nínú ilé gogoro àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Esmelas, ẹ ó lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé látibẹ̀, ẹ tún yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ti yí padà. Ẹni tó ń ráhùn nípa ọjà tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ti ń fi kún un, kálukú ní ẹjọ́ tiẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ni ọ̀rọ̀ wọn ń yí, ohun tí wọ́n fi mọ Trails láyé nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí àwọn olùtúmọ̀ fi lọ́dún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀.

Àbúrò mi kan tó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde wá lo họ́lídè jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣe é, ó wò mí títí, ó ní, "Bọ̀dá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ń lọ bá gbogbo èèyàn, ṣé wọ́n jẹ yín lówó ni?" Mo ní kó máa wò ná. Nígbà tó yá òun ló ń sọ fún mi pé, "Ẹ ò tíì bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀ o." Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹni tí ò gbá gémù rí fẹ́ mọ ohun tí bàbá kan tí ò lórúkọ gidi fẹ́ sọ, ẹ ò tún nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìtumọ̀ yẹn dáa.

Tẹ́ ẹ bá wá padà lọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, kò túmọ̀ sí pé gémù ò dáa o, gémù míì wà tó jẹ́ pé ìjà ẹ̀ ni wọ́n náwó sí. Ẹ ṣáà mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Wàyí o, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìtumọ̀ dáa nígbà tẹ́ ẹ ò gbọ́ èdè Japan? Ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn ni pé kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò bo orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí síkírìn, kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ náà nìkan. Tẹ́ ẹ bá lè mọ ẹni tó ń sọ ọ́, iṣẹ́ ti wà níbẹ̀. Tí Estelle, ọlọ́pàá, olórí ìlú àti ọmọ ọdún méje bá ń sọ̀rọ̀ bákan náà, ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ kàn ń sáré gba owó ẹ̀ ni. Àwa tá a wà níhìn-ín, ó yẹ ká tètè mọ èyí ju ẹlòmíì lọ, ṣebí tí ará Ìjẹ̀bú-Igbó bá la ẹnu, tí ọmọ Ṣágámù náà la tiẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wo ojú wọn kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí kálukú ti wá. Àwọn olùtúmọ̀ Dragon Quest mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Nígbà tí apá kẹrin ẹ̀ dé orí Nintendo DS ní 2008, wọ́n fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n tiẹ̀, àwọn kan ń sọ Òyìnbó bíi ará Scotland, àwọn kan bíi ará Rọ́ṣíà. Nínú apá kọkànlá, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Hotto, haiku làwọn ará ibẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, ewì Japan tí ìlà ẹ̀ jẹ́ sílébù 5, 7, 5, tẹ́ ẹ bá lọ ra oògùn lọ́dọ̀ wọn, ewì ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ìyẹn nìkan tó kí n rà á.

Nǹkan ò rí báyìí láyé àtijọ́ o. Dragon Quest àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1986, ó di 1989 kó tó dé Amẹ́ríkà, tòun ti orúkọ míì. Final Fantasy kẹfà dé Amẹ́ríkà ní 1994, wọ́n pè é ní ẹ̀kẹta, torí wọn ò kó ìkejì, ìkẹta àti ìkarùn-ún dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Final Fantasy VII tí gbogbo ayé ń pariwo ní 1997, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó sọ pé "This guy are sick", títí dòní ni wọ́n ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó tiẹ̀ ya èmi lẹ́nu jù ni Persona àkọ́kọ́ ní 1996, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Japan, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n yí àwọ̀ ara àwọn ọmọ ilé ìwé inú ẹ̀ padà, wọ́n tún gé odindi ọ̀nà ìtàn kan kúrò. Ó di 2009 kí wọ́n tó dá a padà sí bó ṣe yẹ. Mo ń sọ èyí torí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ìtumọ̀ ayé ìsinsìnyí ti bàjẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn jàre.

Ohùn Japan tí mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ohun tí mo ń fi í ṣe rèé. Àwọn ará Japan bọ̀wọ̀ fún àgbà bíi tiwa ni, wọn ò ní ṣàdédé pe orúkọ ẹni tó jù wọ́n lọ láìfi nǹkan kan sí i, ẹ máa gbọ́ "san", ẹ máa gbọ́ "sama" fún ẹni ńlá, ẹ máa gbọ́ "senpai" fún ẹni tó ṣáájú wọn níléèwé tàbí níbi iṣẹ́. Òyìnbó ò ní ibi tó máa fi ìyẹn sí, orúkọ lásán ló máa gbé sísàlẹ̀ síkírìn. Etí yín á gbọ́ ọ, ojú yín ò ní rí i. Ẹ wá ṣọ́ ọjọ́ tẹ́nì kan bá ṣàdédé yọ "san" kúrò lára orúkọ ẹlòmíì, bóyá torí ìbínú ni tàbí torí wọ́n ti di ọ̀rẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá olùtúmọ̀ rí ọgbọ́n dá sí i, bóyá ó fi ọ̀rọ̀ tó le sí i tàbí ó fi ìnagijẹ rọ́pò ẹ̀. Persona 5 tó dé lédè Òyìnbó ní 2017 kàn fi "san" àti "senpai" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan bínú sí i, inú tèmi dùn. Ẹni tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní "ìwọ" máa gbọ́ nǹkan nínú gémù yìí tí ẹni tó jẹ́ Òyìnbó nìkan ló gbọ́ ò ní gbọ́.

Ibòmíì tẹ́ ẹ tún lè yẹ̀ wò kíákíá: ṣé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ìlú nínú ìtàn ni wọ́n kọ ọ́ nínú ìwé tí gémù ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín sí? Ṣé ọ̀rọ̀ ń ya kúrò nínú àpótí ẹ̀? Ṣé oògùn tí wọ́n ní ó ń wo májèlé ń wo májèlé lóòótọ́? Tí wọ́n bá sì ní àyè ṣe àwàdà, ṣé wọ́n ṣe é? Nínú Trails àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ XSEED túmọ̀ sí Òyìnbó, tẹ́ ẹ bá ṣí àpótí tẹ́ ẹ ti kó nǹkan inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, yẹ̀yẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀, oríṣiríṣi, àpótí tí ò sí nǹkan nínú ẹ̀ o! Ẹnì kan jókòó kọ gbogbo ìyẹn.

Ìjà wá kàn. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí àwọn tó ń gbá gémù ti máa ń gbọ́n níbí. Nínú Trails tuntun yìí, ẹ lè lu ẹranko ní pápá lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ṣáá, tàbí kẹ́ ẹ yí i sí ìjà oníkálukú-dúró-de-ìgbà-tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá lù ú ní pápá títí ojú ẹ̀ fi pòòyì kẹ́ ẹ tó yí i, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lù. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkírìn tó ń fi ẹni tó kàn hàn, àmì kékeré máa ń wà lára ìgbà kan, ẹni tó bá bọ́ sí i, lílù ẹ̀ á le sí i tàbí ara ẹ̀ á yá. Ẹ lè fi iṣẹ́ ńlá yín já ìgbà yẹn gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, tẹ́ ẹ bá ti ní CP 100, ìyẹn agbára tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń jà. Ohun tẹ́ ẹ máa fi dán an wò ni pé kẹ́ ẹ bá ẹranko kékeré kan náà jà lẹ́ẹ̀mélòó kan, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Tó bá ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò burú, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ lọ bá ọ̀gá àwọn ọ̀tá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú yín, kẹ́ ẹ tún tẹ bọ́tìnnì kan yẹn ṣáá. Tó bá tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó nà yín.

Mẹ́nù, ẹ kàn rí i pé ẹ lè pààrọ̀ ohun ìjà láìṣí ojú ìwé márùn-ún. Ó tán.

Nǹkan tí àwọn Òyìnbó tó ń kọ irú nǹkan báyìí kì í kọ ni sééfù, torí iná ò lọ mọ́ wọn lórí rí. Fún wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni. Ṣé ibi gbogbo lẹ lè ṣe sééfù tàbí ẹ gbọ́dọ̀ rìn dé ibì kan? Trails ń jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é fẹ́ẹ̀ẹ́ níbi gbogbo tí kì í ṣe àárín ìjà tàbí àárín ìtàn. Dragon Quest fẹ́ kẹ́ ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì, Persona fẹ́ yàrá kan pàtó. Tí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń kú gbàrà tíná bá lọ, gémù tó ń béèrè pé kẹ́ ẹ rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó ṣe sééfù máa jẹ yín níyà, bó ti wù kó dùn tó, ẹ yáa ra ìnvátà kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ má sì ṣe sééfù lórí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ máa yí i ká mẹ́ta, torí tíná bá lọ lásìkò tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó lè ba ti àtijọ́ jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba. Ilé á kún, àlejò á sùn dé pálọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ti Èkó wá á ní kẹ́ ẹ wá gbé òun lọ rí àwọn regbéregbé, ẹ ó kàn gbàgbé ibi tẹ́ ẹ bá ìtàn dé.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀ fún àwọn tó kù, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orí ohun tẹ́ ẹ fi gbá a, kọ̀ǹpútà ni àbí Switch àbí PS5, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ bá a dé, ẹ kọ ohùn tẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ, torí ẹni tó fi ohùn Òyìnbó gbá a àti ẹni tó fi ti Japan gbá a ò gbá gémù kan náà. Inú fóònù ni kẹ́ ẹ ti máa kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbá a lọ, ẹ kọ gbólóhùn tó pa yín lẹ́rìn-ín gan-an bó ṣe wà, kì í ṣe pé "ó pa mí lẹ́rìn-ín" lásán. Ẹ kọ ohun tó lè mú kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ má sọ bí ìtàn ṣe máa parí, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má sì fún un ní máàkì lórí mẹ́wàá, ẹni tó gbá wákàtí mẹ́fà nínú ogójì, máàkì kí ló fẹ́ fún un? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá Estelle, ẹ kìlọ̀ fún èèyàn kí wọ́n tó kà á.

Tẹ́ ẹ bá pinnu pé ẹ máa rà á, ẹ má pa dẹ́mò rẹ́ o. Ẹ ra gémù gangan, ẹ dàńlóòdù ẹ̀, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i pé ó ti rí sééfù dẹ́mò yín, kẹ́ ẹ gbé e wọlé, kẹ́ ẹ tún ṣe sééfù tuntun nínú gémù náà, kẹ́ ẹ wá pa dẹ́mò rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá já owó ẹ̀ walẹ̀, ẹ fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn gémù tó wù yín lórí Steam, wọ́n á fi ímeèlì sọ fún yín lọ́jọ́ tí owó ẹ̀ bá wálẹ̀.